Họ́mọ̀nù fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró: èwo ni, ta ni ó wà fún, ọ̀nà wo ni ó sì ń gbà wọ ara?

Bí ènìyàn bá gba Ìtòkú kọjá ní Abẹ́òkúta lọ́wọ́ ọ̀sán, yóò rí àwọn ìyá tí wọ́n ń rẹ aṣọ àdìrẹ sínú aró, tí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé ìgúnpá, tí èéfín sì ń rú sí wọn lójú. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ìdí tí ọ̀kan nínú wọn fi ń làágùn. Aago méjì òru ni ọ̀rọ̀ wà, nígbà tí iná ìdí aró ti kú, tí àwọn àpáta ìlú ti tutù, tí ìyá náà sì ta jí nítorí pé ooru kan gbéra láti àyà rẹ̀, ó gun ọrùn, ó gun ojú, aṣọ ìwọ̀sùn rẹ̀ sì rin gbindin. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, òtútù mú un. Ó lè lo oògùn ibà nígbà mẹ́ta láàárín oṣù méjì kí ẹnìkan tó sọ fún un pé kì í ṣe ibà ni.

Ohun tí ń ṣe é ni àwọn dókítà ń pè ní mẹ́nópọ́ọ̀sì. Bí obìnrin bá ti lo oṣù 12 gbáko láìrí nǹkan oṣù rẹ̀, tí kì í sì í ṣe oyún, ọmọ tí ń mu ọmú tàbí oògùn ni ó fà á, ó ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni ó sábà máa ń dé bá ọ̀pọ̀ obìnrin. Àwọn ilé ẹyin méjèèjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọ ti ń sinmi iṣẹ́, estrogen tí wọ́n ń pèsè, ọ̀kan nínú àwọn họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà tí ara fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn nínú ara, sì ń dín kù. Nígbà náà ni apá kan nínú ọpọlọ, èyí tí ń ṣọ́ ìwọ̀n ooru ara, á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ara ti gbóná jù nígbà tí kò gbóná, á sì pàṣẹ kí òógùn bọ́. Láti ibẹ̀ ni oorun ti ń dà rú, tí inú ń bí ènìyàn láìnídìí, tí oríkèé ń ro ó, tí ojú ara ń gbẹ, tí egungun sì ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Àwọn obìnrin kan wà tí wọn kò mọ ìgbà tí ó kọjá. Àwọn mìíràn kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, fi hàn pé ìdajì àwọn obìnrin tí ooru yìí ń yọ lẹ́nu ni ó bá gbé ju ọdún 7.4 lọ, àti pé láàárín àwọn obìnrin adúláwọ̀ tí ó wà nínú wọn, iye náà jẹ́ ọdún 10.1. Lóòótọ́, kì í ṣe obìnrin Ẹ̀gbá ni wọ́n wò, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka iye ọdún yẹn, mo rántí iye ìyá tí a ti sọ fún pé kí wọ́n fara dà á, yóò lọ láìpẹ́. Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe àìpẹ́.

Oògùn wà tí ń dá họ́mọ̀nù tí ó dín kù padà sí ara; ìdí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi tún gba ẹnu àwọn ènìyàn ni ìkéde tí àjọ FDA, tí ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Àjọ náà ní kí àwọn tí ń ṣe oògùn họ́mọ̀nù fún mẹ́nópọ́ọ̀sì yọ ìkìlọ̀ ńlá tí wọ́n fi àpótí yí ká lórí ìwé oògùn wọn kúrò, ìyẹn ìkìlọ̀ nípa àrùn ọkàn, jẹjẹrẹ ọmú àti àrùn ìyè ríra. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú àpótí náà: ti jẹjẹrẹ ilé ọmọ, fún estrogen tí ń tàn ká gbogbo ara tí obìnrin bá ń lò ó ní òun nìkan. Kò pẹ́ tí ìròyìn náà fi di ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ráńṣẹ́ sí ara wọn lórí WhatsApp, tí ẹnìkan á sọ pé wọ́n ti ní họ́mọ̀nù kò léwu mọ́, tí ẹlòmíràn á sì fèsì pé irọ́ ni, pé jẹjẹrẹ ni ó ń fà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe kùnà ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, torí họ́mọ̀nù kì í ṣe oògùn kan ṣoṣo.

Láti mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá, a ní láti padà sí oṣù Keje ọdún 2002. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Women's Health Initiative ń lọ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, obìnrin 16,608 tí ilé ọmọ wọn ṣì wà ni wọ́n sì pín sí ọ̀nà méjì: apá kan ń lo hóró kan tí ó ní estrogen tí wọ́n rí láti inú ìtọ̀ abo ẹṣin tó lóyún, pẹ̀lú họ́mọ̀nù àtọwọ́dá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ medroxyprogesterone, apá kejì ń lo hóró tí kò ní oògùn nínú. Wọ́n dá apá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò nítorí pé ewu rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Nínú obìnrin 10,000 tí wọ́n lo oògùn náà fún ọdún kan, 38 ni jẹjẹrẹ ọmú mú, nígbà tí ó jẹ́ 30 láàárín àwọn tí kò lò ó. Rọpárọsẹ̀ jẹ́ 29 sí 21. Ẹ̀jẹ̀ tí ń dì sínú iṣan jẹ́ 34 sí 16. Àwọn tí egungun ìbàdí wọn kán ní tiwọn dín kù, láti 15 sí 10.

Èèyàn mẹ́jọ lé nínú ẹgbàárùn-ún kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, torí ìyá ẹnìkan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Síbẹ̀, ìròyìn tí ó délé dóko kò sọ iye yẹn. Ohun tí ó sọ ni pé họ́mọ̀nù ń pa obìnrin, àwọn dókítà púpọ̀ káàkiri ayé sì jáwọ́ nínú kíkọ ọ́ fún aláìsàn. Kò sọ pé ọjọ́ orí àwọn obìnrin náà jẹ́ ọdún 63 ní ìpíndọ́gba, tí nǹkan oṣù púpọ̀ nínú wọn ti dúró láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ pé kì í ṣe nítorí ooru ara ni wọ́n ṣe ṣe ìwádìí náà bí kò ṣe láti mọ̀ bóyá họ́mọ̀nù lè dènà àrùn ọkàn lára àwọn àgbàlagbà. Apá kejì ìwádìí náà, tí a ṣe lára obìnrin 10,739 tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ wọn, tí wọ́n sì ń lo estrogen nìkan, parí ní ọdún 2004: rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ọmú kò pọ̀ sí i, nígbà tí wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó tilẹ̀ kéré láàárín àwọn tí wọ́n lo oògùn náà.

Ohun tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé lórí láti ìgbà náà ni pé fún obìnrin tí kò tíì pé ọdún 60, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ó ti dúró, tí ooru ń dà láàmú, tí kò sì ní àrùn tí ó lè dí i lọ́wọ́, àǹfààní họ́mọ̀nù sábà máa ń ju ewu rẹ̀ lọ, àti pé kò sí oògùn mìíràn tí ó lágbára tó o fún ooru ara. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 68, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí FDA yọ ìkìlọ̀ wọ̀nyẹn kúrò, àwọn dókítà kan yọ̀ nítorí estrogen tí a ń lò sí ojú ara nìkan, èyí tí ìkìlọ̀ náà kò bá mu rárá. Àwọn mìíràn sì sọ pé ìlérí tí àwọn aláṣẹ ń ṣe, pé họ́mọ̀nù yóò dènà àrùn ọkàn àti ìyè ríra, ti kọjá ohun tí ẹ̀rí gbé. Mo fara mọ́ àwọn méjèèjì. Oògùn ooru ara, oorun àti egungun ni. Kì í ṣe oògùn ajídèwe.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí obìnrin dáhùn ni bóyá ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Estrogen ni ó ń pa ooru ara, ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó ń mú kí awọ inú ilé ọmọ máa nípọn, bí ó ti máa ń ṣe nígbà èwe kí nǹkan oṣù tó wá fọ̀ ọ́ dànù. Bí kò bá sí ohun tí yóò dá a lẹ́kun, awọ náà lè nípọn títí yóò fi di jẹjẹrẹ. Ìdí nìyí tí ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ bá wà fi gbọ́dọ̀ lo họ́mọ̀nù kejì, progesterone tàbí ohun tí ó jọ ọ́, pẹ̀lú estrogen. Ẹni tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ kò nílò ìkejì, estrogen nìkan sì ni oògùn tirẹ̀.

Àǹtí mi kan, àbúrò ìyá mi, kò mọ èyí. Ẹni ọdún 52 ni nígbà náà, ó ti pé ọdún méjì tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀, ooru sì ń jí i nígbà mẹ́rin lóru kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ nítorí fáíbírọ́ìdì, ìyẹn ìju, ń lo hóró estrogen, ara sì ti tù ú. Ó ṣí àpò, ó fún un ní káàdì oògùn kan, ó sì fi orúkọ rẹ̀ hàn án kí ó lè máa rà á fúnra rẹ̀. Ooru náà lọ láàárín oṣù kan. Ní oṣù keje ni ó rí ẹ̀jẹ̀, ó sì dákẹ́, torí ó rò pé nǹkan oṣù òun ni ó padà wá. Nígbà tí ó tó sọ fún wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Àyẹ̀wò fi hàn pé awọ ilé ọmọ rẹ̀ ti nípọn púpọ̀, wọ́n sì gé díẹ̀ nínú rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. A dúró de èsì náà fún ọjọ́ mọ́kànlá tí n kò lè gbàgbé. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ pé hóró tí ó jẹ́ ìwòsàn fún ọ̀rẹ́ rẹ lè jẹ́ ewu fún ọ, kì í sì í ṣe pé oògùn náà burú, àti pé ẹ̀jẹ̀ tí obìnrin bá rí lẹ́yìn ọdún kan tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan, kì í ṣe ohun tí a ń dúró wò.

Lẹ́yìn ti ilé ọmọ, ọ̀nà tí estrogen ń gbà wọ ara ni ó ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ sì ni mo rò pé àwọn obìnrin tiwa nílò àlàyé jù lọ, nítorí iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru láàárín wa. Bí obìnrin bá gbé hóró mì, ẹ̀dọ̀ ni oògùn náà kọ́kọ́ ń bá pàdé kí ó tó tàn ká ara, ẹ̀dọ̀ á sì tìtorí rẹ̀ máa ṣe púpọ̀ sí i nínú àwọn èròjà tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Èyí tí ó ń gba awọ ara wọlé kò gba ibẹ̀ kọjá lọ́nà yẹn, àwọn ìwádìí tí wọ́n sì ti ṣe láti fi àwọn tí ń lò ó wé àwọn tí kò lò ó kò rí i pé ó ń fi kún ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì ní ìwọ̀n tí a máa ń lò. Fún ẹni tí ó sanra, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ṣùgbọ́n tí oògùn ti kápá rẹ̀, tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí tí túúlu máa ń dà láàmú, ọ̀nà awọ ara ni ọ̀pọ̀ dókítà máa ń yàn.

Méjì ni ó wọ́pọ̀ nínú ti awọ ara. Ọ̀kan jẹ́ ìlẹ̀mọ́ra tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn tàbí ìdí, tí a sì ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ibi tí awọ ti mọ́, tí ó gbẹ, tí kò sí ìpara ni a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe ọmú. Òógùn lè mú kí etí rẹ̀ ṣí, èyí tí ẹni tí ń dúró nídìí iná aró láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ gbọ́dọ̀ rò dáadáa kí ó tó yàn án. Ìkejì ni jẹ́ẹ̀lì. Wọ́n máa ń fún ìwọ̀n tí dókítà bá sọ sí apá tàbí itan, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ́ ẹ káàkiri, wọ́n á sì dúró títí yóò fi gbẹ kí wọ́n tó wọ aṣọ. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá àgbà tí ó fi jẹ́ẹ̀lì sí apá tí ó sì gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra lójú ẹsẹ̀ lè fi họ́mọ̀nù náà ra ọmọ lára, nítorí náà ó sàn kí ó lò ó ní àkókò tí ilé bá pa rọ́rọ́, kí ó sì fi aṣọ bo ibẹ̀.

Họ́mọ̀nù kejì náà kì í ṣe ẹyọ kan. Medroxyprogesterone tí wọ́n lò nínú ìwádìí ọdún 2002 ṣì wà, ṣùgbọ́n progesterone tí ó bá ti ara mu, tí wọ́n lọ̀ kúnná sínú kápúsù, ti gba iwájú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ dókítà, nítorí pé ìwádìí tí wọ́n ṣe lára ọ̀pọ̀ obìnrin ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé ewu jẹjẹrẹ ọmú kéré sí i lára àwọn tí wọ́n lò ó ju àwọn tí wọ́n lo àtọwọ́dá lọ. Ó tún ń kun ènìyàn lóorun, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé kí a lò ó ní alẹ́. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe ségesège lè máa lò ó fún nǹkan bí ọjọ́ 12 sí 14 nínú oṣù, yóò sì máa rí ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó ti pẹ́ yóò máa lò ó lójoojúmọ́ láìrí ẹ̀jẹ̀. Ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í sọ ni pé oògùn wọ̀nyí kì í dènà oyún. Obìnrin tí kò tíì pé ọdún 50 gbọ́dọ̀ máa fètò sọ́mọ bíbí títí di ọdún méjì lẹ́yìn nǹkan oṣù rẹ̀ tó kẹ́yìn. Ẹni tí ó ti lé ní 50, ọdún kan.

Ní ti ojú ara tí ó gbẹ, ìtìjú ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ máa jìyà ní kọ̀rọ̀. Láàárín wa, àwọn kan gbà pé obìnrin tí kò ṣe nǹkan oṣù mọ́ kò gbọdọ̀ bá ọkọ rẹ̀ lò pọ̀, kí ó má baà ní oyún ìju, nítorí náà bí ìbálòpọ̀ bá ń dùn ún, yóò gbà pé ara ni ó ń kìlọ̀ fún òun. Kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Awọ ojú ara ni ó tín-ín-rín nítorí àìsí estrogen, ìdí kan náà sì ni ìtọ̀ fi ń gbóná, tí àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀ fi ń padà wá. Ìpara estrogen díẹ̀ tàbí hóró kékeré tí a ń fi sí ojú ara ń tún un ṣe, ìwọ̀n tí ń dé inú ẹ̀jẹ̀ kéré gan-an, a kì í sì í nílò họ́mọ̀nù kejì pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní pa ooru ara. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ka fún ìyá wọn sókè ketekete.

Tibolone náà wà, hóró àtọwọ́dá kan tí ń ṣiṣẹ́ bí họ́mọ̀nù bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà; ó ń dín ooru kù, ṣùgbọ́n ó fi kún rọpárọsẹ̀ lára àwọn àgbàlagbà nínú ìwádìí, Amẹ́ríkà kò sì fọwọ́ sí i.

Àwọn kan kò gbọdọ̀ lo họ́mọ̀nù tí ń tàn ká ara àfi bí dókítà tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀: ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú ti mú rí, ẹni tí rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn ti kọlù, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, àti ẹni tí ń rí ẹ̀jẹ̀ tí a kò tíì mọ ìdí rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kí wọ́n máa sun nínú òógùn. Àwọn oògùn tí a mọ̀ mọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń dín ooru kù ní ìwọ̀n kékeré. Fezolinetant, tí FDA fọwọ́ sí ní ọdún 2023, kì í ṣe họ́mọ̀nù rárá, ibi tí ọpọlọ ti ń ṣọ́ ooru ara gan-an ni ó ti ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀dọ̀ wò fún ẹni tí ń lò ó. Ní ti ẹ̀wà sóyà, bí ó bá ṣiṣẹ́, díẹ̀ ni. Ní ti àgbo, n kò ní bú u, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń mu ún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà, kí àwọn méjèèjì má baà pàdé nínú ẹ̀dọ̀ kan náà.

Abẹ́òkúta kò ṣàìní ibi tí a lè lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àbá, ti ìpínlẹ̀ wà ní Ìjàyè, Sacred Heart sì ti wà ní Láńtòrò láti ọdún 1895. Kí obìnrin mú ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀ tó kẹ́yìn lọ, kí ó mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ọmú wà nínú ìdílé rẹ̀, kí ó sì mú gbogbo oògùn tí ó ń lò lọ nínú ọ̀rá kan. Èyí tí ó le jù ni ìwé iṣẹ́ abẹ. Mo ti bá ìyá tí ó ju ẹyọ kan lọ sọ̀rọ̀, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì fún ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, tí wọn kò mọ̀ bóyá ìju náà nìkan ni wọ́n yọ, tàbí ilé ọmọ, tàbí ilé ẹyin pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n yọ ilé ẹyin rẹ̀ méjèèjì kí ó tó pé ọdún 45 ti wọ mẹ́nópọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, egungun àti ọkàn rẹ̀ sì nílò họ́mọ̀nù, ó kéré tán títí yóò fi dé ọjọ́ orí tí ì bá ti wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Bí ìwé bá ti sọnù, àwòrán inú ikùn lè fi ohun tí ó ṣẹ́kù hàn.

Bí ó bá wá di rírà, kí ó wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, kí ó sì wo ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́.

Àǹtí mi, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ń lo jẹ́ẹ̀lì sí itan báyìí ní àárọ̀, ó sì ń lo kápúsù progesterone kan lálẹ́. Dókítà pè é padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láti wo bí ó ti bá a lára mu, láti ìgbà náà ó ń lọ lọ́dọọdún, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á yẹ ọmú rẹ̀ wò, wọ́n á sì bi í bóyá ó ṣì fẹ́ máa lò ó. Ní ọdún tó kọjá, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín ìwọ̀n náà kù díẹ̀, wọ́n sì dín in kù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ooru náà ń jí i nísinsìnyí, kì í sì í ṣe lójoojúmọ́.